Ibi tí Kásẹ́ẹ̀tì Sálíù Dúró Sí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, tí ẹ sì ń bi mí léèrè ohun tí mo ṣe ní Douala, nílẹ̀ Kamẹrúùnù, tí irun mi fi funfun tán, ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ etí ni mo ṣe. Ẹlòmíràn fi ọwọ́ jẹun, ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀, èmi fi etí. Mo ta rẹ́kọ́ọ̀dù, mo ta kásẹ́ẹ̀tì, mo ta sídì, mo sì ń bá àwọn èèyàn kó orin sínú fóònù títí fóònù fi mọ bí a ti ń wá orin fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi ní Marché Mboppi, ọjà ńlá kan níbẹ̀, mo lọ sílé lọ jókòó.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Mboppi ló mú mi wá kí n lè bá a tà. Nígbà tó rí i pé orin tó ń ti ìsọ̀ kejì wá ni mò ń gbọ́ dípò ohùn oníbàárà, ó fà mí lé ẹni tó ni orin náà lọ́wọ́. Owó tí mò ń gbà níbẹ̀ kò yẹ ní sísọ.

Ọ̀gá Bùráímọ̀ lorúkọ ọ̀gá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. Odidi ọdún kan ni n kò fi ta ohunkóhun. Òwú àti sípírítì ló kó lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa nu inú ẹ̀rọ níbi tí téèpù ti ń kọjá, títí òwú yóò fi wọlé ní funfun tí yóò sì jáde ní funfun. Mo kọ́ bí a ti ń yẹ abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ àwo. Mo kọ́ bí a ti ń ki bírò bọ inú ihò kásẹ́ẹ̀tì kí a fi yí i padà, kí bátìrì má baà ṣòfò. Mo kọ́ bí a ti ń fi skúrúdíráífà tín-ín-rín tún orí ẹ̀rọ ṣe, díẹ̀díẹ̀, títí ohùn tó ti kú yóò fi là.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan etí. Ọ̀gá á ní kí n kọjú sí ògiri, á fi orin sí i, á sì máa bi mí ní ìbéèrè. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní orin náà dùn. Ó ṣí fìlà lórí mi, ó fi gbá mi létí. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n ojú tì mí níwájú oníbàárà.

“Má sọ fún mi pé ó dùn,” ló wí. “Oyin náà dùn. Sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe iṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ṣe, mo lè kọjú sí ògiri kí n sọ fún ọ bóyá àtàńpàkò ni onígìtá fi tẹ okùn ni àbí èékánná, bóyá akọrin jókòó ni àbí ó dúró, nítorí pé èémí ẹni tó jókòó máa ń tètè tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé etí kì í kọ́ṣẹ́. Ó ń kọ́ṣẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ, ó sì máa ń pẹ́ ju ọwọ́ lọ.

Ní ìgbà yẹn, kò sí olórin kékeré ní àdúgbò wa, ìbáà jẹ́ ti wa tàbí ti àwọn onílùú, tí kì í gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá fún Ọ̀gá Bùráímọ̀. Á gbà á, á ní kó padà wá lẹ́yìn Jímọ̀. Tó bá di ọ̀sán tí ọjà rọ̀, á fi hẹ́dífóònù ńlá bo etí méjèèjì lórí fìlà, á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa gbọ́ ọ lóun nìkan. Kò ní wí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ó bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà tán lójú méjèèjì, á yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ìyẹn ni pé ó gbà á, a ó máa tà á. Bí kò bá gbọ́ ọ tán, ibi tó ti pa á náà ló máa fi í sí tí á fi dá a padà. Olórin á gbé kásẹ́ẹ̀tì sókè sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wo iye téèpù tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á sì mọ ibi tí orin òun ti sú bàbá. Mo rí àgbàlagbà tó nu omi ojú nù lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Òfin kan tún wà lábẹ́ ìyẹn. Títí Ọ̀gá yóò fi dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da orin inú rẹ̀ kọ sínú òmíràn. Ó ní orin tí a kò tíì gbọ́ tán, wọn ò tíì bí i.

Báyìí ni ẹ máa wá mọ Sálíù. Ọmọ Ṣakí ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Bọ̀dá Sálíù ni mo ń pè é. Wẹ́dà ni ní àdúgbò Logbaba, ó ń jó gèètì àti irin ojú fèrèsé. Àwọn awakọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá jó ara ọkọ̀ wọn lọ́dọ̀ rẹ̀, orin kọ́ńtìrì ni wọ́n sì máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀, orin àwọn darandaran òyìnbó, tó jẹ́ gìtá àti ohùn ẹnì kan tó ń ròyìn ayé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló fi gìtá kan sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kò ṣe bíi tiwọn, ó kàn mú ìrìn àtàńpàkò wọn tó lọ́ra, ó fi Yorùbá sí i, ó ń kọ orin tirẹ̀.

Àwọn èèyàn wa ní Mboppi kò gba tiẹ̀. Orin tí kò ní ìlù, wọ́n ní ta ni ó jó o? Bó bá ti gbé gìtá kọ́ èjìká wọ ọjà, ẹnì kan á ké láti ìdí aṣọ pé, “Sálíù, màlúù rẹ dà?”

Á dáhùn láìwẹ̀yìn pé, “Ìwọ ni mò ń dà lọ yìí.”

Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé yẹn. Ó ní kí Ọ̀gá Bùráímọ̀ ṣáà gbọ́ orin òun tán. Bí bàbá yẹn bá yí kásẹ́ẹ̀tì padà fún òun, òun á mọ̀ pé olórin lòun. Bí kò bá yí i padà, òun á gbájú mọ́ gèètì.

Ọwọ́ mi ni mo fi gba orin náà sílẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú kan tí àwọn ẹlẹ́rọ tó yí i ká kò ṣiṣẹ́. A ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí gbogbo gèètì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí irin má baà dáhùn. Síbẹ̀ gèètì kan kọ̀, bí ó bá ti tẹ okùn tó nípọn jù, irin náà á dún wúùù lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń bá a kẹ́dùn. Mo ní kí n gbé e jáde. Bọ̀dá Sálíù ní kí n fi í sílẹ̀, pé òun ló jó o, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i.

Orin mẹ́fà ni, mẹ́ta lójú kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Gbogbo okùn gìtá ló dẹ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ohùn rẹ̀ lè jókòó síbi tí a ti ń sọ̀rọ̀, kó má lọ síbi tí a ti ń ké. Àtàńpàkò ń rìn lórí okùn ìsàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò, kò yára, kò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan tí orin ti fi ipá gbé ọ̀rọ̀ sókè nígbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀; ohùn orin ń tọ ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ṣe ń tọ ìyá rẹ̀. Orin kìíní wà fún òjò Logbaba, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sọ pé òjò ń rọ̀. Abọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé káàkiri inú yàrá lábẹ́ páànù tó ń jò, títí tí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mọ̀ pé kò síbi tí ọkùnrin náà lè sùn sí. Orin kejì wà fún gèlè tí ìyá rẹ̀ fi di ẹrù fún un lọ́jọ́ tó kúrò nílé. Ó ní ẹrù ti tán pátápátá, òun kò tíì tú kókó rẹ̀. Mo ti gbọ́ orin tó pọ̀ ju iyanrìn lọ. N kò gbọ́ èyí tó fi ohun kékeré báyẹn sọ ọ̀rọ̀ ńlá báyẹn.

Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó padà wá lẹ́yìn Jímọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá rán mi lọ sí àdúgbò Bonapriso láti lọ so ẹ̀rọ orin fún ilé oúnjẹ kan. Nígbà tí mo fi máa dé, ìsọ̀ wa ti wà ní títì, àwọn èèyàn sì dúró níwájú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló bá a níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri lórí àpótí rẹ̀, hẹ́dífóònù wà létí rẹ̀, wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n yọ hẹ́dífóònù, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó kẹ́yìn jáde fa swíìṣì ńlá ara ògiri wálẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn, bí a ti máa ń ṣe ní Mboppi nítorí ìbẹ̀rù iná. Ọ̀gá kò padà wá mọ́. Èèyàn tó kọ́ mi bí a ti ń fetí sílẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́, èmi kò sì sí níbẹ̀.

Ìsọ̀ náà wà ní títì títí di ẹ̀yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti kó ẹrù rẹ̀ jọ. Ó ń yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó ń dá ti olúkúlùkù padà fún un. Ìgbà tó kan Sálíù, ó tẹ bọ́tìnnì, ó yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ, ó nà án sí i, ó ṣe é ní pẹ̀lẹ́. Bọ̀dá Sálíù gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó dúró nínú orin kẹta, ó kù díẹ̀ kí ojú kìíní tán.

Mo sá tọ̀ ọ́ lọ sí ìta. Mo ní ikú ló dá a dúró, kì í ṣe Ọ̀gá. Ó mi orí.

“Ìsíákà, ó kù díẹ̀ kó tán. Ẹni tí orin dùn mọ́ nínú kì í pa á níbẹ̀. Ó ti pa á kí ikú tó dé bá a.”

Mo bi àwọn aládùúgbò léèrè. Ta ló lè mọ̀? Hẹ́dífóònù ló wà létí bàbá, orin inú rẹ̀ kò jáde síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bọ́tìnnì ni òun tẹ̀, òun kò mọ̀ bóyá èyí tó ń kọrin wà nílẹ̀ tàbí lókè. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Bọ̀dá Sálíù kó kásẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì gba ìlérí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé kò ní gbé e jáde. Kò jẹ́ kí n da orin náà kọ. Òfin Ọ̀gá ló sọ fún mi, òfin tí èmi náà ti ń sọ fún ẹlòmíràn. Ó gbájú mọ́ gèètì.

Ọdún gorí ọdún. Mo gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ẹbí Ọ̀gá. Sídì dé, kò nílò bírò mọ́, ṣùgbọ́n ibi kékeré kan tó bá họ lára rẹ̀ lè ba orin mẹ́ta jẹ́. Fíláàṣì dé, mẹ́mórì dé, mo ra kọ̀ǹpútà, mo kọ́ bí a ti ń wo ohùn lójú gíláàsì rẹ̀ bí òkè àti àfonífojì. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn, n kò parọ́. Àwọn tó ń bú ohun tuntun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í nu ohun àtijọ́ pẹ̀lú. Bí mo bá lọ sí Logbaba, mo máa ń sọ fún Bọ̀dá Sálíù pé orin rẹ̀ ni mo fi ń wọn gbogbo orin mìíràn. Á ní, “O ṣeun, àbúrò,” á sì bo ojú rẹ̀ kó tún máa jó irin. Ọmọṣẹ́ ni mí lójú rẹ̀. Ìyìn mi kì í ṣe èyí tó ń retí.

Ìyàwó rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbà mú Bọ̀dá Sálíù fúnra rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń jẹ́ Ràfíátù, tí wọ́n bí sí Douala, kó lọ sílé rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tó ń tún àpótí aṣọ tò ló rí kásẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e wá sí ilé mi, nítorí pé àwọn èèyàn ní èmi nìkan ló kù tó ní ẹ̀rọ tó lè kọ ọ́.

“Tonton, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, bí àwọn ọmọ Douala ṣe ń pe àbúrò bàbá, “orúkọ Papa ló wà lára rẹ̀. Mo bi í, ó kàn kọjú sí ògiri. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń kọrin.”

Mo nu inú ẹ̀rọ. Mo fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí abọ́ abẹ́ páànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí gèètì ń dún lábẹ́ rẹ̀, Ràfíátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, mò ń túmọ̀ fún un sí Faransé bí mo ṣe lè ṣe é. A dé orin kẹta, èyí tó wà fún ẹni tó ń ronú àtipadà sílé. Nínú orin náà, níbi tó kù díẹ̀ kó tán, ohùn náà mì lẹ́ẹ̀kan, wìì, bí ìgbà tí táyà kọjá lórí òkúta kékeré, ó sì tún dúró déédéé.

Mo dá a dúró. Mo yí i padà, mo tún fi í sí i. Ó mì níbẹ̀ gan-an. Mo fa téèpù jáde, mo gbé e sábẹ́ iná, mo sì rí i, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ìbú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan ló ń fún téèpù mọ́ ara irin kan, òun ló ń fà á lọ. Bí o bá fi ọwọ́ pa orin, bọ́tìnnì á gòkè, rọ́bà á sì fi téèpù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nígbà tí orin ń kọ, bọ́tìnnì á wà nílẹ̀ síbẹ̀, rọ́bà á máa fún téèpù mọ́ irin ní ojú kan náà. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àpá á wà níbẹ̀ tí kò ní lọ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí èèyàn fi ọwọ́ pa kì í ní àpá yẹn. Ọ̀gá Bùráímọ̀ kò pa á. Orin náà ń kọ lọ títí ẹnì kan fi fa swíìṣì ara ògiri wálẹ̀.

Mo ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá mi títí di òní, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín bá máa jẹ́ kí ẹ dájọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Ràfíátù gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Logbaba lórí bẹ́nskìn, ọ̀kadà ìlú náà. Bọ̀dá Sálíù wà lórí ibùsùn, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ kan ṣí ju èkejì lọ. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó sì fẹ́ kọjú sí ògiri. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ẹ gbọ́ ibì kan péré.” Mo ṣàlàyé àpá náà fún un. Ó ti fi irin ṣiṣẹ́ jẹ, ó mọ ohun tí fífún máa ń ṣe sí nǹkan. N kò tíì sọ ọ́ tán tó ti yé e. Mo fi orin kẹta sí i.

Ohùn rẹ̀ ìgbà ọ̀dọ́ kún inú yàrá. Ó ń kọ ọ́ pé, “Iná tí mo dá nílé, ta ló ń kó eérú rẹ̀? Bí mo bá délé, ẹ má bi mí ohun tí mo kó bọ̀, ẹ bi mí ohun tí mo fi sílẹ̀.” Lẹ́yìn náà gìtá nìkan, lẹ́yìn náà ibi tó ti mì.

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè pé kí n pa á. Ọ̀rọ̀ ṣòro lẹ́nu rẹ̀, a dúró dè é.

“Ṣé ó gbọ́ ti eérú?”

Mo ní, “Ó wà ṣáájú àpá. Ó wọ etí rẹ̀. Bóyá ó ṣì wà láyé nígbà náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.”

Ràfíátù ń fi igun ìborùn rẹ̀ nu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bàbá rẹ̀.

“Àṣé orin mi ló sìn ín jáde,” ló wí. Ó di ojú. “Ó tó.”

Ó kú kí oṣù Ramadan tó wọlé. Òun ló sọ pé ó tó, èmi kò sì bá a jiyàn, nítorí pé òun ló ni orin. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ mi tí mò ń ro àwọn orin tí kò kọ ní gbogbo ọdún tó fi ń jó gèètì: èyí tí ì bá kọ nígbà tí wọ́n bí Ràfíátù, èyí tí ì bá kọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àti àwọn mìíràn tí èmi kò lè ronú kàn, nítorí pé òun nìkan ló ní ojú tó máa ń rí wọn. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gbọ́ orin, kò tó mi.